Oko Láàlà, Òkun Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má láàlà. Òótọ́ ni. Ní Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, pèrègún ni ẹlẹ́rìí láàárín oko ẹni àti oko aládùúgbò. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé orí òkun, òwe yìí nìkan kò tó. Ààlà lè fi ẹni tó ni omi hàn. Kò lè bá a ṣọ́ ọ.

Òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1982 ti fa ààlà. Máìlì òkun 12 láti etíkun jẹ́ ti orílẹ̀-èdè bí ilẹ̀ rẹ̀. Títí dé 200, òun ló ni ẹja àti epo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹja pé omi Bẹ̀nẹ̀ ti tán, ti Nàìjíríà ló kù? Olè kò kúkú bèèrè. Ní oṣù karùn-ún 2020, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ apẹja Hai Lu Feng 11 lójú omi Côte d'Ivoire, tòun ti òṣìṣẹ́ 18, wọ́n darí rẹ̀ sí apá Nàìjíríà. Ọmọ ogun ojú omi wa ló gbà á sílẹ̀. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán mẹ́wàá nínú àwọn ajalèlókun náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Omi ẹlòmíràn ni wọ́n ti jalè. Ilé ẹjọ́ wa ló dá wọn lẹ́jọ́.

Nítorí irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè báyìí ni orílẹ̀-èdè 25 ṣe fọwọ́ sí Ìlànà Yaoundé, àdéhùn láti jọ ṣọ́ òkun, ní oṣù kẹfà 2013. Wọ́n pín omi sí ẹkùn. Ẹkùn tiwa, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Kútọnu, kó Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Niger pọ̀.

Ẹnìkan lè ní: "Kí ló kan ará Ìkọ̀lé nínú òkun?" Kí ló kan Niger, tí kò ní etíkun rárá? Ẹja inú yìnyín tí à ń rà lọ́jà, orí òkun ló gbà dé. Odò Ọ̀ṣun, Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ọ̀sà ló ń ṣàn lọ. Ọ̀rá tí a bá jù sí i kì í padà wálé.

Èkìtì kọ́ ló yẹ ká máa kọ́ ní àjọṣe. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sí ìlú wa tó lè dá kojú Ìbàdàn. A bá Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó dì í ní Èkìtìparapọ̀. Ọba kankan kò tìtorí ìyẹn bọ́ adé sílẹ̀, ìlú kankan kò sì pàdánù ààlà rẹ̀.

Síbẹ̀, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìlànà Yaoundé kò ní agbára òfin. Àfi kí olúkúlùkù ṣe òfin nílé rẹ̀. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2019, òun ni adájọ́ sì gbá mú nínú ẹjọ́ Hai Lu Feng. Àní, abala 12 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé àdéhùn tí a bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin níbí àfi bí ilé aṣòfin Àbújá bá sọ ọ́ di òfin. Ẹni tí Èkìtì Àríwá dìbò fún wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn olùdíje bá tún dé Ọ̀yẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè títì. Ẹ sì bi wọ́n léèrè òkun.