Àṣàrò Kò Ní Kẹ́ Ẹ Da Oògùn Nù

Ọ̀rọ̀ kíláàsì àṣàrò tí NHS ń fi fún aláìsàn ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nílùú Ọba níbí. Àwọn kan ní ẹ̀sìn Búdà ni, àwọn ò bá wọn dá sí i. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá pa oògùn tì. Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé iye síwájú mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Jon Kabat-Zinn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979, fún àwọn tí ara ríro wọn kò lọ bọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, àmọ́ ó yọ ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni: ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa kíyè sí èémí yín. (Àṣàrò ṣáà wà nínú Sáàmù kìn-ín-ní!) Àwọn mìíràn tún un ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àjọ NICE sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2004 fún àwọn tí àìsàn náà ti kọlù lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò tó wù mí jù ni èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2015. Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ 424 ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan ṣe àṣàrò, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa dín oògùn kù. Apá kejì ń lo oògùn wọn lọ. Láàárín ọdún méjì, àìsàn padà sára 44 nínú 100 ní apá àṣàrò, 47 ní apá oògùn. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Àmọ́ ẹ ṣí ojú ìwé kejì wò: èyí tó wù kéèyàn ṣe níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó tún ṣàìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dín oògùn náà kù, dókítà ń wò wọ́n, kì í ṣe pé ẹnì kan jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó dà á sí bíìnì.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tó pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, tilẹ̀ tún yàtọ̀. American Heart Association sọ lọ́dún 2017 pé àṣàrò lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́jú ni, kó má rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin màmá àti bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oògùn yín mì kẹ́ ẹ tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì rẹ̀wẹ̀sì, tó ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ lóde àríyá, ọ̀fẹ́ ni NHS Talking Therapies nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè kàn sí wọn fúnra yín, kò dìgbà tí GP bá kọ̀wé. Ẹ bi wọ́n bóyá kíláàsì náà wà ládùúgbò yín.