Sípíkà Sítúdíò Nínú Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá ń fi orin àti ìlù kọ́ Yorùbá, sípíkà sítúdíò ni ó yẹ kí ó máa fi gbọ́ wọn nínú ilé rẹ̀.

Irú èyí tí àwọn tí ń gba orin sílẹ̀ máa ń gbé síwájú ara wọn lórí tábìlì ni mo ní lọ́kàn, tí amplifier rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, méjì ni amplifier náà: ọ̀kan fún ẹnu ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, èkejì fún ẹnu kékeré tí ń gbé tòkè. Nínú Yamaha HS5, wáàtì 45 ni ti ẹnu ńlá, 25 sì ni ti ẹnu kékeré. A kò tún ní í wá amplifier mìíràn kiri. Okùn láti ara kọ̀ǹpútà ti tó.

Èwo ni ti èdè nínú èyí? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: lẹ́tà kan náà ni a fi kọ wọ́n, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá ìlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn a gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Lílọ sókè lílọ sódò yìí àti bí ìlù ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ní.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ sípíkà olówó pọ́ọ́kú ni a ṣe kí bàsì rẹ̀ lè máa dún kíkankíkan, nítorí bàsì ni í kọ́kọ́ fa ẹni tí ń rajà mọ́ra. Bí àpótí rẹ̀ kò bá gbópọn, àpótí náà yóò máa kọrin tirẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ èyíkéyìí tí ó bá wọlé, ìdáhùn kan náà ni yóò fún un, gbùù, gbùù. Elégbè tí ń bo ohùn olórí orin mọ́lẹ̀ ni irú àpótí bẹ́ẹ̀. Dò àti re a wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan létí ẹni tí ń kọ́ èdè.

Àwọn kan ń wí pé sípíkà sítúdíò máa ń tú àṣírí orin tí a kò gbà sílẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni, ohun tí mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí nìyẹn. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọn kò tíì máa fi iná mànàmáná gba ohùn. Bàsì wo ni a fẹ́ wá nínú irú àwo bẹ́ẹ̀? Jẹ́ kí n gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ha àwo, kí n sáà gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn ní ohun sítúdíò kò yẹ ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí Yamaha NS-10, tí ó jáde ní 1978. Ilé ni a ṣe é fún, àwọn oní-sítúdíò ni wọ́n wá gbà á mọ́ra. (Ti ìyẹn, amplifier rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.)

Mo gbà pé kò wúlò fún òde ìsọmọlórúkọ. Ẹni tí ó jókòó tì í ni ó ń bá sọ̀rọ̀: kí ẹnu kékeré rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí, kí àlàfo àárín sípíkà méjèèjì àti ti ẹni tí ń gbọ́ wọn dọ́gba, bíi mítà kan. Ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, àfi bí àyè kò bá sí. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn HS5 tí a fi ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù nítorí èyí.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó mú ìwé àti kálámù. Kí ó fi sípíkà tí ó ní gbọ́ ìyá ìlù, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ ní dò, re, mí. Kí ó wá yá sípíkà sítúdíò lọ́wọ́ olórin àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì gbé ìwé méjèèjì fún onílù kan pé kí ó kà wọ́n.