Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Fún Un Lórúkọ

Ní ọdún tó kọjá, ikùn ọmọbìnrin kan ní JSS 2 ilé ìwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọmọ ọdún 12 ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a ti sọ pé ó lóyún. Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí oyún, síbẹ̀ ẹnu kò dákẹ́. Àwọn kan ní ìju ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí dókítà kan tó ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó tó wà nínú ikùn náà fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, ilé-ẹyin rẹ̀ ló sì ba sí.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ì báà ṣe olùkọ́, òbí, wòlíì tàbí dókítà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ikùn ọmọbìnrin tó wú lórúkọ kí yàrá àyẹ̀wò tó sọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, báwo ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ṣe dé ilé-ẹyin? Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà máa ń rìn káàkiri ara. Ibi tó bá ti yíwọ́, ó lè di kókó níbẹ̀: ọrùn, kíndìnrín, ilé-ọmọ tàbí ilé-ẹyin. Lìmfómà ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, ní Uganda, kọ̀wé nípa irú rẹ̀ kan tó ń yọ ní eegun àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí dòní. Ó wà lára jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé ní àgbègbè Áfíríkà tí ibà ti ń jà gan-an, tiwa náà sì wà níbẹ̀. Lára ọmọbìnrin, ó lè mú ilé-ẹyin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí orúkọ fi ṣe pàtàkì? Ọ̀bẹ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi kojú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbà. Ní ti lìmfómà, oògùn ni. Bí wọ́n bá yọ ilé-ẹyin méjèèjì ọmọ ọdún 12 nítorí àṣìmọ̀, ọmọ tí ì bá bí lọ́la ti lọ, jẹjẹrẹ sì lè ṣì wà lára rẹ̀. Ojú lásán kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Sikáànù á fi kókó hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìdí irú rẹ̀ múlẹ̀. Àfi kí wọ́n gé díẹ̀, kí wọ́n fi èròjà kùn ún láti wá àmì bíi CD20 lára sẹ́ẹ̀lì náà. Ìdádúró sì léwu: sẹ́ẹ̀lì Burkitt lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ 1 sí 2. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Lìmfómà ẹnu ilé-ọmọ sábà máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ awọ òkè, kí àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ha ibẹ̀ má rí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ségesège, ẹ má gbà pé ó ti tán nítorí pé èsì kan ní kò sí nǹkan.

Mo mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ owó. Lóòótọ́, àpò ẹbí ló ń san án lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì yẹ kí ìjọba gba ẹrù yẹn lọ́rùn àwọn tó lọ́mọ tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ilé tó ń dá owó aṣọ ẹbí lè dá owó àyẹ̀wò ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju ẹran tí wọ́n gé lára ọmọ yín nù láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ oògùn, ikùn rẹ̀ fà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ti padà sí kíláàsì, irun rẹ̀ sì ń hù. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú. Àmọ́ ó burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú, ẹ̀sín wa ló fi gbọ́.