Ẹ̀rọ iná kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ẹ yé tà á fún aláìsàn bẹ́ẹ̀

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o.

Ẹni tó bá ń sọ fún èèyàn tó gba kẹ́mò pé ẹ̀rọ TENS máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀ sàn "pátápátá", irọ́ ló ń pa. Mo ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Paclitaxel ni wọ́n fi tọ́jú àǹtí mi nígbà tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú. Jẹjẹrẹ lọ, ìrora ẹsẹ̀ ò lọ. Wọ́n ní ó ń ta àwọn bí ìgbà téèyàn ń rìn lórí yanrìn gbígbóná tí abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀. Bọ́tìnnì aṣọ gan-an, ọmọ wọn ló ń bá wọn dè é.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Paclitaxel, oxaliplatin, cisplatin, vincristine, gbogbo wọn ló lè ba nerve jẹ́, pàápàá àwọn tó gùn jù, tó lọ dé ìka ẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú tipiri.

Kí wá ni TENS ń ṣe? Wọ́n á lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ awọ, iná díẹ̀ látinú bátìrì á máa gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1965, Melzack àti Wall ṣàlàyé pé ìmọ̀lára mìíràn lè dí ìrora lọ́nà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kó tó dé ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kọ, ṣé ẹ kì í fọwọ́ ra ibẹ̀ ni? Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó lè mú kó rọlẹ̀ fún àwọn kan. Àmọ́ kò tún nerve tó bàjẹ́ ṣe!

Scrambler náà wà, èyí tí Giuseppe Marineo ṣe ní Ítálì, olówó ńlá. ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2020. Duloxetine nìkan loògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìrora yìí, òun náà ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Scrambler ńkọ́? Wọ́n ní ó lè wúlò, àmọ́ ẹ̀rí ò tíì tó.

Àwọn yẹn ń ṣọ́ ẹnu wọn. Ọlọ́jà kan wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n ṣe fídíò pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Owó ẹ̀ dáa. Mo ní rárá. Ó ní kí ló kàn mí, ṣebí content ni mò ń ṣe. Ẹ gbọ́ ná!

Ẹsẹ̀ tó ti kú ò ní mọ̀ tí iná bá pọ̀ jù, awọ lè jóná. Ẹni tó ní pacemaker, kó má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń sọ pé "ṣebí ẹ wà láàyè, ẹ dúpẹ́", ẹ̀yin lẹ̀ ń ti oníbàárà lọ bá ọlọ́jà yìí. Ẹni tí a ò gbọ́ tiẹ̀ nílé, ibi tí wọ́n ti fetí sí i ló máa náwó sí.

Tí kẹ́mò bá ń lọ lọ́wọ́ nílé yín, tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n dá a dúró díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú TENS, ẹ jẹ́ kí físíò lẹ̀ ẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì bi í pé ìgbà wo lẹ máa dá a dúró tí kò bá ṣiṣẹ́.