Àlejò Oṣù Kejìlá àti Ìwé Adójútòfò Rẹ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń súnmọ́ tòsí, àwọn tí ń gbé ní Mowe àti Ibafo kì í wo kàlẹ́ńdà kí wọn tó mọ̀. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yóò kún, ilé àlejò yóò gbówó lórí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti pẹ́ ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà yóò sì máa wọlé fún ìpàdé ńlá ti Ìjọ Ìràpadà ní Mowe. Ní Ifọ̀, ìkórè, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni ó sábà máa ń fà wọ́n wálé. Nínú ẹrù wọn, ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kò kà kọjá ojú ewé àkọ́kọ́. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò ni, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ ti ṣubú ni àwọn àlejò wọ̀nyí ń bọ̀ wá bẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, nǹkan bí náírà 470 ni dọ́là kan lórí ìwé ìjọba. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé iye tí a ń ta ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ẹni tí ó bá mú pọ́n-ùn lọ́wọ́ wá lè sọ pé èrè ni èyí jẹ́ fún òun, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ìṣubú owó kì í dúró sí ilé ìfowópamọ́. Ó ń rìn lọ sí ilé oògùn, ó ń rìn lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ń dé pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu ba ohun tí ìwé náà kò bò. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò kì í san àdánù tí ó bá ènìyàn nítorí pé iye owó yí padà. Bí àlejò bá pààrọ̀ owó lónìí, tí iye rẹ̀ sì yí padà lọ́la, ọrùn ara rẹ̀ ni. Bí ẹ̀rọ ATM kò bá ní owó nínú, kò sí ẹni tí yóò san ìyẹn fún un. Àwọn ìwé kan ní gbólóhùn nípa ìdẹnukọlẹ̀ owó, àwọn ènìyàn sì máa ń ṣì í kà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tàbí ilé ìtura tí ó wọko gbèsè ni gbólóhùn náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe orílẹ̀-èdè.

Àwa tí a wà nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kò ní gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n ní owó àtijọ́ kò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2023. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó tuntun kò tó, ti àtijọ́ kò ṣeé ná, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi náírà ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ní Ṣàgámù, tí kò jìnnà sí Mowe, inú bí àwọn ènìyàn débi pé wọ́n dáná sun ilé ìfowópamọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá a lẹ́jọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà. Àlejò tí ó wà láàárín wa nígbà náà ní owó nínú àpò báńkì rẹ̀ lókè òkun, síbẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ san. Ní ti rògbòdìyàn ìgboro, ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ni ó yọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tí ó fi ààlà sí ohun tí wọn yóò san lórí rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ti dé bá. Ní ìparí oṣù Kẹfà 2015, ìjọba Gíríìsì ti àwọn ilé ìfowópamọ́ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yúrò 60 péré ni ọmọ ìlú lè gbà lórí ẹ̀rọ lóòjọ́. Òfin náà kò de káàdì àwọn àlejò, síbẹ̀ ìjọba Ìlú Ọba gba àwọn ènìyàn rẹ̀ níyànjú pé kí wọn kó owó tí yóò tó wọn dání. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n owó tí a kó dání ni olè ń wá, ìwé adójútòfò sì máa ń fi ààlà tí kò tó nǹkan sí iye owó tí wọn yóò dá padà bí ó bá sọnù. Wọn yóò tún béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lójú tiwa ni ọ̀rọ̀ àìsàn. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ó ti wà ní Nàìjíríà fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, kéde pé òun ń kógbá wọlé. Lẹ́yìn náà ni owó Ventolin, tí àwọn tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu ń fà símú, àti Augmentin fò sókè débi tí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù kò lè rà wọ́n mọ́. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ti kó lọ sí Ìlú Ọba, ibẹ̀ gan-an ni àlejò wa sì ti ń bọ̀. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá wá fún ìpàdé, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru lóru, láti Mowe, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù ni yóò máa wò, ọkọ̀ tí ó gbé e yóò sì gba àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ Ifọ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀, Abẹ́òkúta ni, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ètò ìlera ọ̀fẹ́ ti Ìlú Ọba, NHS, kò ní san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kí ó jẹ́. Ohun tí òfin sọ nìyẹn. Ohun tí a ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni kí wọn béèrè owó ìdúró kí wọn tó fọwọ́ kan aláìsàn. Àwọn àlùfáà wa máa ń wàásù lórí ará Samáríà nì, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dúró lórí ètò owó tí ó ṣe. Ó san díẹ̀ sílẹ̀ fún olùtọ́jú ilé èrò, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún èyí tí ó bá kù. Ohun méjèèjì náà ni ilé ìwòsàn ń fẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè fi ìwé ṣe onídùúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kì í gba ìwé onídùúró láti òkè òkun. Owó ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà ẹbí tàbí ìjọ ni yóò kọ́kọ́ san án, àlejò yóò sì gba owó náà padà bí ó bá padà dé ilé, bí ìwé ẹ̀rí ìsanwó bá pé lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti pe nọ́ńbà pàjáwìrì ilé-iṣẹ́ náà kí ìtọ́jú tó jìnnà.

Àwọn ohun mìíràn wà tí ó lè sọ ìwé náà di asán. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tí kò sì sọ ọ́ nígbà tí ó ń ra ìwé, ti ra bébà lásán. (Àwọn àgbà wa fẹ́ràn láti máa fi àìsàn pamọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í ṣe ọ̀tá tí a ń fi nǹkan pamọ́ fún.) Láti ibùdókọ̀ Mowe tàbí Ibafo wọ inú àdúgbò, ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ń gùn, láìdé akoto. Ọ̀pọ̀ ìwé ni kì í san owó ìpalára ẹni tí kò dé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ràn ìrìn-àjò ti ìjọba Ìlú Ọba: bí àlejò bá lọ sí ìpínlẹ̀ tí ìjọba náà ní kí wọn má ṣe lọ, irú bí Borno àti Yobe tí ó ti wà lórí àkọsílẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, adójútòfò rẹ̀ lè já. Àkọsílẹ̀ náà a máa yí padà. Kí a wò ó ní ọjọ́ tí a ra ìwé, kí a tún wò ó kí a tó wọ ọkọ̀.

Ní ti ọkọ̀ òfurufú, ẹ rántí Emirates. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà pa ní Nàìjíríà kò ṣeé kó jáde nítorí àìsí dọ́là, wọ́n sì dá ìrìn-àjò wọn sí Èkó dúró ní ìparí oṣù Kẹwàá 2022. Oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n tó padà. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni a ti kọ́kọ́ ń béèrè owó ìwé ìrìnnà padà. Ẹni tí ó bá sì ra adójútòfò lẹ́yìn tí ìròyìn ti jáde, wọn yóò wí fún un pé ó ti mọ̀ kí ó tó rà á.

Àwa náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀sì ìjọ máa ń gbéra láti Ifọ̀ gba Ìlaròó lọ sí Ìdíròkò, tàbí láti Ibafo gba Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, kí wọn tó la Bìnì àti Tógò já dé Gánà. Gánà dá sísan gbèsè òkèèrè rẹ̀ dúró ní oṣù Kejìlá 2022. Ọjà fi ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí lọ́dún náà, kí IMF tó fọwọ́ sí ìrànwọ́ bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní oṣù Karùn-ún 2023. Káàdì Búráùn ti ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu lọ́dún 1982, ni awakọ̀ wa gbọ́dọ̀ mú dání. Ohun tí ó wà fún ni ìpalára tí ọkọ̀ wa bá ṣe fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Kò bo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, kò bo ẹrù, kò sì ní wo ibà ẹgbẹ́ akọrin sàn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó rò pé bí káàdì náà bá ti wà, ó ti parí.

A mọ̀ pé àwọn ará kan gbà pé ẹni tí ó ra adójútòfò kò ní ìgbàgbọ́ tó. A kò bá wọn jà. A kàn ń béèrè pé nígbà tí wọ́n bá gbé àlejò wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láago méjì òru, owó ta ni wọ́n ń retí? Àpò ìjọ ni, àpò náà kò sì lágbára bí ó ti ṣe wà kí náírà tó ṣubú. Akọ̀wé ìjọ tí ó bá ń gba àlejò lọ́dún yìí lè béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wọn kí wọn tó gbéra: nọ́ńbà ìwé adójútòfò, nọ́ńbà tẹlifóònù pàjáwìrì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò. Kí wọn sì gbé oògùn náà wá láti ọ̀hún, èyí tí yóò kọjá ọjọ́ tí wọn yóò padà ní ọ̀sẹ̀ méjì.