Ẹgbẹ̀rin Ọkọ̀ Láìsí Ìrìn Àjò

Nínú gbogbo ohun tí ọ̀dọ́ lè mú lọ́wọ́ wọ bọ́ọ̀sì tí yóò gbéra ní Èkó ní ìdájí, tí yóò gba Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Benin àti Asaba kọjá, tí yóò sì gun afárá odò Ọya tí a parí ní 1965 kí ó tó já èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Upper Iweka, Onitsha, láàrin ariwo àwọn agbèrò tí ń pe Owerri, tí ń pe Enugu, tí ń pe Aba, n kò rí èyí tí ó yẹ irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ju géèmù ìje ọkọ̀ tí a lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Gran Turismo, géèmù ìje ọkọ̀ ti PSP, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ Sony, fi ń dùn mí títí di òní, nítorí pé bí ènìyàn bá gba àbọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀lẹ, kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó bá gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà, ẹ̀dùn ọkàn ni.

Ní oṣù Kejìlá 1997 ni Kazunori Yamauchi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, tí iléeṣẹ́ wọn wá di Polyphony Digital lẹ́yìn náà, gbé Gran Turismo àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Japan. Tálákà ni ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ géèmù náà: owó tí a fún un kò ju èyí tí ó lè fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí kò lágbára lọ, yóò ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì, yóò kọ́ bí a ti í tẹ bíréèkì kí a tó dé kọ́nà àti bí a ti í jáde kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ kí táyà bọ́ sínú koríko, yóò wọ ìdíje kékeré, yóò pàdánù, yóò tún padà wọ̀ ọ́, títí owó tí ó jẹ yóò fi tó ohun tí yóò fi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, tàbí ọkọ̀ mìíràn tí yóò fi lè bá àwọn ọ̀gá figagbága. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, nígbà tí ó bá sì fi wá jókòó sínú ọkọ̀ tí ń bú ramúramù bí Ògún Lákáayé lójú ogun, ó mọ iye òógùn tí òun ti ta sílẹ̀ kí òun tó dé ibẹ̀.

Ní 2004, nígbà tí Sony kọ́kọ́ fi PSP han aráyé, wọ́n ṣe ìlérí pé Gran Turismo yóò wà fún un. PSP dé ọjà ní Japan ní ìparí ọdún yẹn, ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2005, ọdún ń gorí ọdún, géèmù kò jáde. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Oṣù Kẹwàá 2009 ni ó tó pè é.

Ohun tí ó jáde náà ní ẹwà, n kò sì ní fi ìbínú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ inú rẹ̀ lé ní 800, pápá ìje rẹ̀ jẹ́ 35, bí atàǹpàkò bá sì yí ọkọ̀ sí kọ́nà, ìwúwo ọkọ̀ náà hàn nínú bí ó ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ méjì tí wọ́n jókòó ti ara wọn lè so ẹ̀rọ wọn pọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sáré, kí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrìn àjò láti orí tòkunbọ̀ dé orí ọkọ̀ ọlọ́lá ni wọ́n gé sọnù. Kò sí ife-ẹ̀yẹ tí a ń lé, kò sí ohun èlò tí a lè rà láti fi tún ọkọ̀ ṣe, ọkọ̀ mẹ́rin péré ni ó sì ń sáré papọ̀. Bí awakọ̀ bá mú Nürburgring ti Jámánì, ọ̀nà inú igbó tí ó lé ní kìlómítà 20, tí ó sì tètè ya àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀, òun nìkan ni yóò máa wakọ̀ láàrin igi títí dé òpin. Wọn yóò ka owó fún un, wọn yóò sì dá a padà síbi tí ó ti gbéra, kí ó tún mú pápá mìíràn. Àwọn olùtajà ọkọ̀ pàápàá, díẹ̀ ni ó ń ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ẹni tí ó ti kó owó Ferrari jọ lè máa sáré kiri láìnídìí, kí ọjọ́ inú géèmù ṣáà lè kọjá títí Ferrari yóò fi ṣí. Àwọn tí ń ta fíìmù ní Iweka Road, láti ìgbà tí Kenneth Nnebue ti gbé Living in Bondage jáde ní 1992, mọ̀ pé bí apá kejì kò bá ní ìtàn, orúkọ òṣèré tí ó kún ara páálí kò lè gbà á sílẹ̀.

Àwọn kan ń gbèjà rẹ̀ pé ẹ̀rọ kékeré ni, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ènìyàn ń fi í ṣeré. Àwíjàre yìí ni ó ń bí mi nínú jù. Nintendo ti gbé Mario Kart DS jáde ní 2005 lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára tó PSP, pẹ̀lú ife-ẹ̀yẹ tí a ń lé ní ìpele-ìpele, àwọn tí ó rà á sì lé ní mílíọ̀nù 23. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, PlayStation ńlá ń fẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń fẹ́ iná NEPA tàbí epo jẹnẹrétọ̀. PSP kò fẹ́ ju kí a ṣáájì rẹ̀ lọ. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa nígbà náà, òun nìkan ni ẹ̀rọ géèmù tí ó wà. Síbẹ̀, àǹfààní tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó bá kó ọkọ̀ jọ sórí rẹ̀ ni pé yóò lè kó wọn lọ sínú Gran Turismo 5 lórí PlayStation 3, èyí tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá 2010. Ẹni tí kò ní PlayStation 3 ńkọ́?

Lónìí, fóònù ti gba ipò PSP, a sì ti ní àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ń ṣe géèmù, gẹ́gẹ́ bí Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012. Mo bẹ àwọn tí yóò bá ṣe ti ìje ọkọ̀ nínú wọn pé kí wọ́n fún ọmọ tí kò ní ju fóònù lọ ní odindi iṣẹ́: kí wọ́n fi tòkunbọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ fún un, kí ọ̀nà kan máa ṣí òmíràn sílẹ̀, kí géèmù náà má sì gbàgbé ibi tí ó dé nígbà tí bátìrì bá kú.