Ọjọ́ Tí Fáìlì Ń Pè Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ìbí Rẹ̀

Ó ti sú mi láti máa rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọn yóò ra mẹ́mórì káàdì ní Ọjà Àlàbá, wọn yóò bá ewì tàbí ìjálá nínú rẹ̀, wọn yóò sì kọ ọ́ pé 2014 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà wí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò wí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání tí ó jáde ní 1999. Bí ọlọ́jà bá fi Windows dà á kọ sínú káàdì lónìí, ọjọ́ àtúnṣe inú fáìlì kì í yí padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìṣẹ̀dá yóò di òní. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ti tún un ṣe kí wọ́n tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Linux ni, tí ó lo cp lásán, ọjọ́ àtúnṣe pàápàá yóò di òní. Bí bátìrì inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ rẹ̀ bá sì ti kú, aago rẹ̀ lè máa pe ọdún tí ó bá wù ú.

Àwọn tí ń fi èdè C kọ ètò náà kò bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Wọ́n rí st_ctime, wọ́n rò pé ìṣẹ̀dá ni c dúró fún. Ìyípadà ni, bí a bá kàn yí àṣẹ ẹni tí ó lè ka fáìlì padà, ọjọ́ náà yóò yí. Ọdún 2017 ni Linux tó ní statx, tí ó lè béèrè ọjọ́ ìbí fáìlì. Rust ní tirẹ̀ kì í gbé ọjọ́ ìṣẹ̀dá léni lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀: yálà ó fún ọ ní àkókò, tàbí ó sọ pé òun kò rí i, dandan sì ni kí o mọ ohun tí o máa ṣe bí kò bá rí i. Èdè ẹ̀rọ mọ bí a ṣe ń sọ pé "n kò mọ̀". Àwa ọ̀mọ̀wé ni ó ń tì lójú.

Àwọn kan ní ọdún tí kò péye sàn ju àìsí ọdún lọ. N kò gbà. Àlàfo yóò mú kí ẹlòmíràn wá akéwì náà lọ; ọdún èké yóò dá a dúró, yóò sì kọ́ àbá rẹ̀ nípa ìyípadà èdè lé ọjọ́ tí ọlọ́jà da fáìlì kọ. Ẹ gbọ́ ohùn náà fúnra rẹ̀. Bí akéwì bá dárúkọ bébà owó ẹgbẹ̀rún náírà, ewì náà kò lè ṣáájú 2005 tí owó náà jáde. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra káàdì, ẹ kọ ti fáìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pè é ní ọjọ́ àdàkọ.